Olùpẹjọ́ Kìíní

Orúkọ mi ló ṣáájú nínú ìwé ẹjọ́ náà:
Rèmílẹ́kún Fámúrewá, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì,
àti àwọn mẹ́rìnlá mìíràn, ará Òkè-Àsá, l'Ádó.
Akọ̀wé kóòtù bi mí pé kí ni wọ́n fẹ́ kọ́ síbẹ̀.
Mo ní, "Ulé. Ulé alájà mẹ́rin."
Ó kọ ọ́ sílẹ̀: ilé.
Mo wò ó, mi ò sọ nǹkan kan.
Ọdún méjìlélọ́gbọ̀n lèmi náà fi báírò pupa
fa irú rẹ̀ yọ nínú ìwé ọmọ ọlọ́mọ.

Wọ́n kan ìwé mọ́ igi ọsàn Bàbá Ajíbádé,
òǹtẹ̀ ìjọba nísàlẹ̀ rẹ̀: A TI FỌWỌ́ SÍ I.
Ìdílé méjìdínláàádọ́ta
lórí ilẹ̀ tí ìdílé kan ṣoṣo ń gbé.
Ọjọ́ mọ́kànlélógún fún ẹni tó bá ní ohun tó fẹ́ sọ.
Nígbà tí a fi rí i, ó ku mẹ́rin.
Ewúrẹ́ ti jẹ etí ìwé náà.

A dáwó. Ìyá Ọ̀ṣọ́ gbé tirẹ̀ wá nínú agolo mílíìkì.
Kọ́pùrà Àjòmálè, tí kì í kí ẹnikẹ́ni,
san ìdajì owó lọ́yà,
kò sì torí ìyẹn bẹ̀rẹ̀ sí í kí wa.
Ohun tí a kọ sínú àfidáfítì, òtítọ́ ni:
kànga kan ni gbogbo wa ń pọn, ó ń gbẹ ní oṣù kejì;
ọ̀nà wa kò gba ọkọ̀ méjì;
àgbàrá orí òkè ti wó ògiri Ajíbádé lẹ́ẹ̀mejì.
Òtítọ́ ni. Mo búra sí i.

Ohun tí a kò kọ ni ọmọ àbúrò mi,
Tèmídire, nọ́ọ̀sì,
tí òun àti ọkọ àti ìbejì ń gbé yàrá kan l'Ájílósùn,
tó ti san àsansílẹ̀ fún yàrá méjì ní àjà kẹta.
Ó ní, "Màmá, ẹ̀yin ti kọ́ tiyín ná."
Kò pariwo.
Ike oúnjẹ àwọn ọmọ ló ń fọ̀ lọ́wọ́ nígbà tó sọ ọ́.

Ní kóòtù, lọ́yà ìjọba,
ọmọdékùnrin kan tí ẹ̀wù dúdú rẹ̀ tóbi jù ú lọ,
bi mí: "Ọdún wo lẹ kọ́ ilé yín, mà?"
"Ní ẹ̀rìnlélọ́gọ́rin."
"Kí ló wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀?"
Lọ́yà wa fò dìde: ìbéèrè yẹn kò kan ẹjọ́.
Adájọ́ ní kí n dáhùn.

Mo rí Bàbá Ọ̀wọ́ṣení létí ìpìlẹ̀ wa, àdá lábíyá.
Kò bú wa. Ó kàn ń ka àwọn igi tó ti ṣubú,
bí ẹni tó ń ka ọmọ tó ń ti ilé ìwé dé,
tí iye wọn ò pé.

Mo ní, "Kòkó."
Wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Epo jẹnẹrétọ̀ tán, wọ́n sún ẹjọ́ sí oṣù tó ń bọ̀.
Mi ò yọ orúkọ mi kúrò. Kànga náà ṣì ń gbẹ.

Òjò ká wa mọ́ ẹnu géètì.
A kì í ti kóòtù bọ̀ ká ṣọ̀rẹ́,
àmọ́ páànù kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀, ti oní-fọ́tòkọ́pì,
abẹ́ rẹ̀ ni gbogbo wa sá sí:
èmi, Kọ́pùrà, lọ́yà kékeré,
agbaṣẹ́ṣe tó fi fáìlì borí,
Tèmídire nínú aṣọ iṣẹ́ funfun,
tó ti àárọ̀ jókòó sọ́dọ̀ àwọn tí a pè lẹ́jọ́.
A há bíi sàdíìnì inú agolo.
Omi ń ṣàn lọ sísàlẹ̀, kò bi ẹnikẹ́ni léèrè ọ̀nà.

Ẹnì kan ti ẹ̀yìn sọ̀rọ̀, ẹ̀yìn rẹ̀ ti rin gbingbin:
"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sún díẹ̀ sí i."

Mo sún.